Omi Ló Ń Pa Á, Kì Í Ṣe Òùngbẹ

   

Láàárín àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa láìpẹ́ yìí, tí púpọ̀ nínú wọn dá lórí ọkọ tí kì í wálé àti ìyàwó tó ń bá ìyá ọkọ jà, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́. Gádínà ni, ilé ńlá kan níbí ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àdúgbò, torí ẹnu iṣẹ́ náà ló ṣì wà. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n oníròyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ madáámù mi ló ra fúláwà kan fún wọn lọ́jọ́ ìbí wọn, ìkòkò méjì. Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é. Madáámù fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo fúláwà tó wà nílé lọ. Wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Mò ń bomi rin ín láàárọ̀, mò ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń rọ. Mo fi omi kún omi, kò gbọ́. Mo bu fàtíláísà tí a fi ń sí ìdí àgbàdo, mo wọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ńṣe ló tún burú sí i. Ní báyìí, madáámù ní àwọn ó máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi fún oṣù mẹ́ta. Ti oṣù kìíní ti lọ. Bẹ́ẹ̀, owó yẹn ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣọ̀lẹ. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, kí ni ti fúláwà nínú ayé tí gbogbo nǹkan le báyìí? Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín: "Mi ò ṣọ̀lẹ." Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn rí, ẹ mọ bó ṣe ń dun ni tó, kéèyàn ṣiṣẹ́ kára, kí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi alára ò mọ nǹkan kan nípa ọ́kíìdì. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Lóòótọ́ mo yege nínú Bàólọ́jì, àmọ́ ẹ̀wà tí a gbìn sórí òwú nínú agolo ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo rántí. Mo bá wọ mọ́tò, ó di ojú ọ̀nà Bódìjà, níbi tí àwọn tó ń ta fúláwà ti ń pàtẹ lẹ́bàá títì. Mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo àwọn tó kù ń pè ní Ọ̀gá.

"Bàbá, ẹ óò tà o."

"Àṣẹ o, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?"

"Ìmọ̀ ni mo fẹ́ rà, sà, mi ò sì lówó lọ́wọ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti àpótí kan sí mi, mo jókòó, mo ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí Bàbá fi dá mi dúró.

"Ó ń bomi rin ín láàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ti rì í sómi nìyẹn. Omi ló ń pa á, kì í ṣe òùngbẹ. Ọmọ náà kò ṣọ̀lẹ lóòótọ́. Ká ní ó tiẹ̀ ṣọ̀lẹ díẹ̀ ni, fúláwà yẹn ì bá wà láàyè."

ÀFÒMỌ́ KỌ́ O

Bàbá mú mi lọ sẹ́yìn ìsọ̀ wọn. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀. Lára igi náà, wọ́n fi okùn so ọ́kíìdì kan mọ́ ọn. Kò sí yẹ̀pẹ̀, kò sí ìkòkò. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí okùn bàtà, òmíràn lẹ̀ mọ́ èèpo igi, òmíràn ń fì dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Ewé rẹ̀ wá tutù yọ̀yọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àfòmọ́ gun igi yín báyìí?"

"Àfòmọ́ kọ́ o. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò lẹ́gbò, igi gbogbo ní í bá tan. Èyí lẹ́gbò, ìwọ náà wò ó. Àfòmọ́ á ki ẹnu bọ inú igi, á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n èyí, ńṣe ló kàn wọ mọ́tò. Ó jókòó sórí igi kó lè rí ìmọ́lẹ̀ ni. Kì í jẹ nínú oúnjẹ dẹ́rẹ́bà."

"Níbo ló wá ti ń rí omi?"

"Òjò."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ewé tó já bọ́ tó sì jẹrà sáàárín gbòǹgbò rẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Òjò á fọ gbogbo rẹ̀ wá bá a. Àmọ́ oúnjẹ náà kì í ki o. Ó máa ń ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n da omi là fún àlejò tí wọn ò retí. Bí òjò bá dá, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí gbòǹgbò, á gbẹ. Ó mu, ó gbẹ. Ó mu, ó gbẹ. Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé."

Bàbá wá já gbòǹgbò kan tó ti kú, wọ́n fi èékánná bó o. Mo rí i pé ara òde rẹ̀ fúyẹ́ bí kànìnkànìn, inú lọ́hùn-ún sì dà bí okùn tín-ín-rín. Ara òde tó dà bí kànìnkànìn yẹn ló ń fa omi òjò sára kíákíá. Nígbà tó bá gbẹ, ó máa ń funfun bí fàdákà. Bí ẹ bá da omi lé e, á di àwọ̀ ewé lójú yín, torí pé omi ti jẹ́ kí àwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ hàn síta. Àmọ́ bí omi bá wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ò ní rí ibi wọlé, gbòǹgbò ò ní lè mí, á jẹrà. Gbòǹgbò tó jẹrà ò lè fa omi mọ́. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ inú omi ló dúró sí.

Ẹ ò rí nǹkan! Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti ṣìnà. Ó rí ewé tó rọ, ó ní òùngbẹ ni. Ó fi omi kún omi.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, mo lọ tú ìwé wò. Mo wá rí i pé nǹkan yìí ò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa rárá. Nínú igbó wa ní Nàìjíríà níbí, ọ́kíìdì kan wà tó ń gbé orí igi, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú àmì tó-tò-tó bí ara ẹkùn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Ansellia africana. John Ansell, gádínà òyìnbó kan, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó bá ìrìn àjò Odò Ọya ti ọdún 1841 wá, erékùṣù Fernando Po tí à ń pè ní Bioko lónìí ló sì ti rí i. Ìrìn àjò 1841 yẹn náà ni Àjàyí Crowther wa bá wọn lọ. Ọdún 1844 ni John Lindley kọ orúkọ òdòdó náà sínú ìwé.

Mo tún rí òmíràn tó yà mí lẹ́nu. Láyé ìgbà yẹn, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń náwó gọbọi sórí ọ́kíìdì láti ilẹ̀ olóoru. Wọ́n á kó o sínú ilé onígíláàsì, wọ́n á sé e pa, wọ́n á dá iná ooru sí i, omi á máa kán tó tó tó. Wọ́n rò pé bí ilẹ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Òdòdó ń kú bí eṣinṣin. Ọ̀kan nínú àwọn tó tún un ṣe ni Joseph Paxton. Gádínà lòun náà. Ọdún 1826 ni wọ́n fi í ṣe olórí gádínà ní Chatsworth, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà. Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó dín ooru kù, òdòdó sì ń yè. Nítorí náà, gádínà wa, má bọkàn jẹ́. Àwọn tó lówó jù ọ̀gá rẹ lọ ti pa á rí.

OHUN TÍ A BÁ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Mo bẹ Bàbá, wọ́n sì tẹ̀ lé mi lọ sílé náà. Gádínà ti sọ fún madáámù rẹ̀ pé ẹnì kan tó mọ̀ nípa fúláwà ń bọ̀. Màmá náà gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún wa ní omi tútù àti kóòkì. Wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì jáde. Ìkòkò tó rẹwà ni, aláwọ̀ búlúù, ó ń dán gbinrin. Madáámù ní àwọn fúnra àwọn làwọn rà á, torí pé ike tí fúláwà náà bá wá kò bá pálọ̀ àwọn mu.

Bàbá ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, wọ́n fa ike tó wà nínú rẹ̀ jáde. Yéè! Omi dúdú wà nísàlẹ̀ ìkòkò búlúù náà, ó ga tó ìka méjì, ó sì ń rùn bí omi gọ́tà. Ìkòkò náà kò ní ihò nídìí. Gbogbo omi tí gádínà ń dà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò ríbi lọ. Abẹ́ ibẹ̀ ló ń ròkè, òdòdó wá jókòó sínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gádínà ń wolẹ̀. Madáámù ń wo ìkòkò.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá bèèrè bóyá ìwé kankan bá fúláwà náà wá. Madáámù ronú díẹ̀, wọ́n lọ ṣí dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n mú káàdì kékeré kan jáde. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó wà lára rẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa bomi rin ín. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà láti ọjọ́ tí fúláwà ti dé.

Ìkòkò kìíní ti kú pátápátá. Bí Bàbá ṣe fọwọ́ kan ewé àárín, ńṣe ló yọ sí wọn lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ ti rà. Èkejì ṣì ní gbòǹgbò mẹ́ta tó le. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÓÒLÀ ÈYÍ TÓ ṢẸ́ KÙ

Ẹ̀yin tí tiyín náà bá ti fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá ṣe. Wọ́n tú u kúrò nínú ike, wọ́n da gbogbo èèpo tó ti jẹrà nù, wọ́n fi omi tó mọ́ fọ gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ kan iná kí àrùn má bàa wà lára rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n wá gé gbogbo gbòǹgbò tó dúdú tó sì rọ̀ dànù. Èyí tó bá le, bó funfun, bó ní àwọ̀ ewé, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé e síbi ibòòji títí di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, gádínà tún un gbìn gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti kọ́ ọ. Kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ o. Yẹ̀pẹ̀ á dì mọ́ gbòǹgbò pinpin, kò ní jẹ́ kó mí. Èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, èèpo igi àti èèpo àgbọn tí wọ́n gé ni wọ́n lò. Èèpo àgbọn, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sì dà á nù lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí ẹ tó lò ó, torí iyọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ike kékeré tó ní ihò púpọ̀ nídìí ni kí ẹ lò. Ike ńlá á gba omi dúró jù. Tó bá ti tó ọdún kan sí méjì, èèpo yẹn á ti máa jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń FÚN UN LÓMI

Oríṣi tó wọ́pọ̀ nínú àwọn tí ẹ máa ń rí nínú pálọ̀ ni Phalaenopsis, ìtumọ̀ orúkọ náà ni èyí tó jọ àfòpiná. Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀ wá, ní irú ilẹ̀ Philippines àti Indonesia. Kò ní ọ̀pá tó wú tó lè fi omi pa mọ́ sí, bíi ti ọ́kíìdì inú igbó wa. Inú ewé àti gbòǹgbò nìkan ló ń fi omi pa mọ́ sí. Torí náà, kò yẹ kó gbẹ jù, kò sì gbọdọ̀ rin jù.

Mo bi Bàbá pé ọjọ́ mélòó mélòó. Wọ́n ní, "Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló ń mumi. Gbòǹgbò ni kó o wò." Bó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀. Bó bá ti funfun bí fàdákà, fún un lómi. Bí ike náà kò bá jẹ́ kí o rí gbòǹgbò, fọwọ́ gbé e wò. Bó bá wúwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá fúyẹ́, ó ti tó àkókò. Lọ́pọ̀ ìgbà, á máa bọ́ sí bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, tí ètè èèyàn ń la, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, kí ara ewé lè gbẹ kó tó di alẹ́. Ẹ gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ẹ da omi sí i dáadáa títí yóò fi máa ṣàn jáde nídìí, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ kó ro tán. Ìgbà tó bá ro tán ni kí ẹ tó dá a padà sínú ìkòkò olówó yín. Bí omi bá dúró sí àárín ewé lókè, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ẹ fi aṣọ nù ún. Omi tó sùn síbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rà, bó ṣe ṣe ìkòkò kìíní tí mo sọ.

Omi òjò ló dáa jù fún un. Omi bọ́hòlù tó bá ní iyọ̀ nínú á máa kó iyọ̀ jọ sára gbòǹgbò. Ẹ má fi omi inú fíríìjì bomi rin ín. Ẹ má sì gbé e sí iwájú fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á fa omi ara ewé rẹ̀ mu. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè gbé òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo, kí ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé ike náà lé òkúta lórí, kí ìdí rẹ̀ má kan omi.

OÚNJẸ RẸ̀, FẸ́LẸ́FẸ́LẸ́ NI

Ọ̀rọ̀ fàtíláísà ló kù. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé ọmọ náà wọ́n ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ àgbàdo sí i, ńṣe ni Bàbá di orí mú. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, bí o bá da iyọ̀ lé ìgbín lórí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i?" Mo ní gbogbo omi ara rẹ̀ á jáde ni. Wọ́n ní ohun tí ajílẹ̀ oníkóró ṣe fún gbòǹgbò ọ́kíìdì nìyẹn. Òsúmósísì! Ọ̀rọ̀ tí tíṣà wa fi pá kọ́ wa, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ajílẹ̀ àgbàdo wà fún yẹ̀pẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ á gbà á, á máa fún gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀. Ọ́kíìdì ò ní yẹ̀pẹ̀ tí yóò bá a gbà á. Èyí tó ń pò mọ́ omi pátá ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n kọ 20-20-20 sí lára. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn dúró fún náítírójìn tó ń mú ewé dàgbà, fọ́sífọ́rọ̀sì tó wà fún gbòǹgbò àti òdòdó, àti pọtáṣíọ̀mù tó ń fún gbogbo ara lágbára. Iye tí wọ́n bá kọ sára páálí, ẹ mú ìdá kan péré nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ṣíbí tíì kan sí lítà mẹ́rin omi, ẹ bu ìdá mẹ́rin ṣíbí náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin gbòǹgbò kí ẹ tó fún un. Ẹ má fún gbòǹgbò gbígbẹ ní ajílẹ̀ láé. Ẹ fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Lọ́sẹ̀ kẹrin, omi lásán ni, ẹ dà á púpọ̀ kó fọ iyọ̀ tó ti kó jọ dànù. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹfun lára èèpo tàbí létí ike, iyọ̀ nìyẹn, ẹ tètè fọ̀ ọ́. Èyí tó ń ṣàìsàn, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ẹ má fún un lóúnjẹ rárá títí ẹ ó fi rí gbòǹgbò tuntun. A kì í gbé iyán ka iwájú ẹni tí kò tíì lè gbé omi mì.

OHUN TÍ EWÉ Ń SỌ

Ẹ gé ibí yìí kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún àwọn tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló pọ́n, tí àwọn tó kù sì tutù, ọjọ́ orí ni. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò já fúnra rẹ̀.

Bí ewé púpọ̀ bá pọ́n tó sì rọ, tí gbòǹgbò dúdú, tó rọ̀, omi ló pọ̀ jù.

Bí ewé bá rọ tó sì hunjọ, àmọ́ tí gbòǹgbò funfun, tó gbẹ, tó le, òùngbẹ ni lóòótọ́. Ẹ rí i pé ewé nìkan kò tó wò. Gbòǹgbò ni ẹlẹ́rìí.

Bí ṣóńṣó ewé bá dúdú tó gbẹ, iyọ̀ tàbí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bí ewé bá dúdú jù, tó gùn, tó rọ̀, tí kò sì yọ òdòdó, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Bí ojú ewé bá ní àpá gbígbẹ funfun tàbí dúdú níbi tó kọjú sí oòrùn, oòrùn ọ̀sán ló jó o. Ìdí fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ ló bá a mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí pé mo ní ó wà nínú igbó wa, kí ẹ wá máa lọ fà á ya kúrò lórí igi. Èyí tí wọ́n bá fà ya bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á já, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í yè. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES sì ń ṣọ́ títa gbogbo ìdílé ọ́kíìdì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín tà ni kí ẹ ti rà á.

Ẹ̀YIN MADÁÁMÙ WA

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Bí ẹ bá ra nǹkan olówó iyebíye fún ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ pé kó tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Káàdì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá ní kó tọ́jú nǹkan bí ẹyin, tí kò sì mọ̀ ju pé kó fún un lómi lọ, omi náà ni yóò máa fún un. Ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ yín ló fi pa á.

Gádínà, ìwọ náà gbọ́ tìrẹ. Nǹkan tí o kò bá mọ̀, bèèrè kó tó di pé o bu ẹ̀kúnwọ́ sí i. Lẹ́tà tí o kọ sí wa yìí, ká ní o kọ ọ́ nígbà tí ewé kìíní pọ́n ni, ìkòkò méjèèjì ì bá wà níbẹ̀.

Mo padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ike kékeré náà wà ní ìdí fèrèsé kíṣìnì níbi tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Ewé méjì àtijọ́ ṣì hunjọ díẹ̀, wọn kò tíì padà sípò. Àmọ́ gbòǹgbò tuntun kan ti yọ nídìí rẹ̀, kò gùn ju èékánná lọ, ṣóńṣó rẹ̀ tutù bí ewé. Gádínà ló fi hàn mí. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Madáámù ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn kí àwọn ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn. Wọ́n ní àwọn kò ní yọ owó oṣù kejì àti ti oṣù kẹta mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ti oṣù kìíní tí wọ́n ti yọ, a kò sọ̀rọ̀ kàn án lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti bèèrè níwájú Bàbá. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á. Ilé ẹ̀kọ́ á wọlé lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, mà.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó kù, bí ohun kan bá ń bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ì báà ṣe ohun ọ̀gbìn, ì báà ṣe ohun ọ̀sìn, ẹ kọ̀wé sí wa. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo mọ ọ̀nà Bódìjà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.